Ìpèníjà Ìṣètò Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ fún Ètò Ìwífún ní Àwọn Àjọ àti Ilé-Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìrírí Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ àjọ àti ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà ló ti fi kọ̀ǹpútà rọ́pò fáìlì àti ìwé àkọsílẹ̀. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ń ná sórí ẹ̀rọ kì í fi gbogbo ìgbà so èso tí wọ́n retí. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ìṣètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún ètò ìwífún jẹ́, ó sì ṣe àyẹ̀wò ìpèníjà mẹ́fà tó máa ń dojú irú ìṣètò bẹ́ẹ̀ rú. Àwọn àpẹẹrẹ tó lò wá láti ara ètò ìsanwó-oṣù ti Ìjọba Àpapọ̀, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àti ètò kọ̀ǹpútà àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àìsí ẹ̀rọ kọ́ ni olórí ìṣòro. Àìmọ ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe, àti àìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn tí yóò lò ó, ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ó parí pẹ̀lú àbá tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ lè mú lò.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Ìdí ni pé omijé rẹ̀ ní ọ̀nà gígùn láti rìn kí ó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ètò ìwífún rí. Ìpinnu tí àjọ kan bá ṣe lónìí nípa irú àkọsílẹ̀ tí yóò máa kó jọ, ẹni tí yóò máa kó o, àti ẹ̀rọ tí yóò máa gbé e, lè gba ọdún mẹ́wàá kí àǹfààní tàbí àléébù rẹ̀ tó hàn sí gbogbo ènìyàn. Àjọ tó bá dúró di ìgbà tí wàhálà bá dé kí ó tó máa ronú, ẹ̀pa kì í sábà bóró fún un mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ pinnu pé kí àwọn yunifásítì, pọlitẹ́kíníìkì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ kúrò lórí ètò ìsanwó-oṣù tí àpèkúrú rẹ̀ ń jẹ́ IPPIS. Àríyànjiyàn tó ṣáájú ìpinnu náà ti gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì tó ti ilẹ̀kùn yunifásítì fún ọ̀pọ̀ oṣù ní ọdún 2020. Olùkọ́ tí owó-oṣù rẹ̀ dín láìnídìí, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gùn sí i, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ètò ìwífún kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ àti ọjọ́ ọ̀la ni.

Ohun tó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti wá ìdí abájọ. Kí ló dé tí ètò tí wọ́n fi èrò rere gbé kalẹ̀ fi máa ń forí ṣánpọ́n? Kí sì ni ilé-ẹ̀kọ́ lè rí kọ́ nínú rẹ̀ kí ó tó ra kọ̀ǹpútà mìíràn?

2.0 Àlàyé àwọn kókó ọ̀rọ̀

Ó ṣe pàtàkì kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yé wa kí àlàyé tó tẹ̀ síwájú. Èkíní ni ètò ìwífún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà ni ètò ìwífún. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò ìwífún ni àpapọ̀ àwọn ènìyàn, ìlànà iṣẹ́, àkọsílẹ̀ àti irinṣẹ́ tí àjọ kan fi ń kó ìròyìn jọ, tó fi ń tọ́jú rẹ̀, tó sì fi ń lò ó láti ṣe ìpinnu. Kọ̀ǹpútà wulẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn irinṣẹ́ náà ni.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé ni ti alájọ. Kí kọ̀ǹpútà tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni alájọ ti ní ètò ìwífún tirẹ̀. Ó ní káàdì tí a fa ilà sí fún ọjọ́ oṣù, ó ní ìwé tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì ní òfin: bí oníbàárà bá dá owó, alájọ yóò sàmì sí káàdì, yóò sì sàmì sí ìwé rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, àkọsílẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún olówó. Nínú ètò kékeré yìí, ènìyàn wà níbẹ̀, ìlànà wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ àti ọ̀nà ìyẹ̀wò sì wà níbẹ̀. Bí a bá fún alájọ tí kì í sàmì sí káàdì ní kọ̀ǹpútà olówó iyebíye, jìbìtì rẹ̀ ni yóò yá sí i.

Èkejì ni ìṣètò ọlọ́jọ́ pípẹ́. Èyí ni iṣẹ́ tí àwọn olórí àti òṣìṣẹ́ àjọ jọ ń ṣe láti pinnu ibi tí àjọ ń lọ láàárín ọdún mélòó kan, irú ìwífún tí yóò nílò kí ó tó dé ibẹ̀, èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe nínú ohun púpọ̀ tó yẹ ní ṣíṣe, iye tí yóò ná an, àti bí yóò ṣe mọ̀ pé òun ti ṣe àṣeyọrí. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti àkójọ ohun rírà. Ìwé tó bá sọ pé àjọ fẹ́ ra 200 kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìṣètò ọlọ́jọ́ pípẹ́. Èyí tó bá sọ pé àjọ fẹ́ kí èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó sì to ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é lẹ́sẹẹsẹ, ni ó yẹ ní pípè bẹ́ẹ̀.

3.0 Ojú tí àwọn onímọ̀ fi wo ọ̀rọ̀ náà

Àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí kókó yìí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ IBM gbé ọ̀nà ìṣètò kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, èyí tó ní kí àjọ kọ́kọ́ to gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì wo ìwífún tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bí àti èyí tó ń lò. Ọ̀nà náà kún, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò púpọ̀. Ní ọdún 1979, John Rockart dábàá ọ̀nà tó fúyẹ́ ju èyí lọ. Ó ní kí wọ́n bi àwọn olórí àjọ léèrè ohun díẹ̀ tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́ bí àjọ yóò bá rọ́wọ́ mú, kí wọ́n sì kọ́ ètò ìwífún yí àwọn ohun wọ̀nyí ká.

Ní ọdún 1988, Albert Lederer àti Vijay Sethi ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ti lo irú ọ̀nà ìṣètò wọ̀nyí. Lára ìṣòro tí àwọn olùdáhùn mẹ́nu bà jù ni pé ó ṣòro láti rí àtìlẹ́yìn àwọn ọ̀gá àgbà nígbà tí ó bá kan mímú ìpinnu ṣẹ, àti pé iṣẹ́ náà ń gba ohun èlò púpọ̀. Èyí fi hàn pé ìwé ìṣètò lè dára lójú, kí ó sì máa sùn nínú dúrọ́ọ̀.

Ọdún 1993 ni Michael Earl tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ó rí ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n ń gbà ṣe ìṣètò, ó sì rí i pé èyí tó ń so èso jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ déédéé, tí wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ lójú iṣẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà, John Henderson àti N. Venkatraman tẹnu mọ́ ọn pé ète àjọ àti ète ètò ìwífún rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, kí ètò inú àjọ àti ètò ẹ̀rọ sì bára mu pẹ̀lú. Nígbà tó di ọdún 1994, Henry Mintzberg kìlọ̀ pé àṣejù lè wọ inú ìṣètò: ẹni tó bá gbà pé gbogbo ọjọ́ iwájú ni òun lè kọ sínú ìwé ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Bí a bá pa èrò wọn pọ̀, ohun kan ló dúró gbọn-in: ènìyàn ló ṣáájú ẹ̀rọ. Ìmọ̀ yìí ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àtùpà láti wo àwọn ìpèníjà tó tẹ̀ lé e.

4.0 Àwọn ìpèníjà

4.1 Kí ète ètò ìwífún má bá iṣẹ́ àjọ mu

Ìpèníjà tó ṣáájú ni pé kí wọ́n gé aṣọ kan fún gbogbo ènìyàn láìwọn ẹnikẹ́ni. IPPIS bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2007 ní ìwọ̀nba ilé-iṣẹ́ ìjọba díẹ̀. Ète rẹ̀ kò burú: láti mú òṣìṣẹ́ orúkọ-lásán kúrò nínú ìwé owó-oṣù, kí ìjọba sì mọ iye òṣìṣẹ́ tó ní gan-an. Fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ní ipò kan, ọ́fíìsì kan àti owó-oṣù kan, ètò náà rọrùn láti lò.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ìjọba pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kò bá sí lórí ètò náà kò ní gba owó-oṣù. Ibẹ̀ ni àtakò gbígbóná ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ìjọba àti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Àwọn olùkọ́ ní ètò náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi ìwádìí, nínú èyí tí olùkọ́ yunifásítì kan ń lọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì mìíràn fún ọdún kan. Wọ́n ní kò mọ olùkọ́ àlejò tàbí olùkọ́ aláàbọ̀ àkókò, kò sì ní àyè fún àwọn àjẹmọ́nú tó jẹ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nìkan. Wọ́n tún ní ó tako òmìnira tí òfin fún yunifásítì láti ṣètò ara wọn. Ẹgbẹ́ náà gbé ètò tirẹ̀, tó ń jẹ́ UTAS, kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfidípò.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó ṣètò wo bí ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé e wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti rí lórí ìwé ní ọdún tí wọ́n ń ṣètò, inú owó-oṣù ènìyàn ni wọ́n ti rí i. Nígbà tí ìjọba sì wá pinnu ní ọdún 2023 pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kúrò, ìyọkúrò náà kò parí lójú ẹsẹ̀. Ó wọ inú ọdún 2024. Èyí kọ́ni pé ètò ìwífún rọrùn láti wọ̀ ju láti bọ́ lọ.

4.2 Àìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn tí yóò lo ètò

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2002, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ètò kan sílẹ̀ láti so gbogbo ilé-ìwòsàn ìjọba ní England pọ̀ mọ́ ara wọn, kí àkọsílẹ̀ aláìsàn lè wà fún dókítà níbikíbi tí aláìsàn bá lọ. Iye tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí wá kọjá bílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn. Owó wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ kò wọ́n wọn. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ìjọba kéde pé òun yóò tú ètò náà ká.

Ohun tó bà á jẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó gba iwájú ni pé òkè ni àṣẹ ti wá. Wọ́n fi ìwé àdéhùn fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kíákíá kí ó tó yé àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ohun tí wọ́n fẹ́ gbé wá fún wọn. Accenture kúrò nínú iṣẹ́ náà ní ọdún 2006. Àdéhùn Fujitsu sì dópin ní ọdún 2008. Àwọn ilé-ìwòsàn tí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra kò rí ara wọn nínú ohun tí wọ́n fún wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ṣègbé. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú àwòrán inú ara aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà fìdí múlẹ̀, nítorí pé ohun tó wà fún hàn kedere sí àwọn tó ń lò ó.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Akọ̀wé tó ti ń to fáìlì fún ogún ọdún mọ ibi tí fáìlì ti ń sọnù. Bí wọn kò bá bi í léèrè nígbà ìṣètò, ibi kan náà ni àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà yóò ti máa sọnù.

4.3 Kí àjọ kọ̀ọ̀kan máa dá tirẹ̀ ṣe

Àìrìn pọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà. Ìforúkọsílẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè ní Nàìjíríà jẹ́ ẹ̀rí fún òwe yìí. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ti ń gbìyànjú láti fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní káàdì ìdánimọ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n ṣe ìforúkọsílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2007, òfin dá àjọ NIMC sílẹ̀, ó sì jogún iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí káàdì tuntun tó tún lè ṣiṣẹ́ bíi káàdì bánkì.

Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, àwọn àjọ mìíràn kò dúró. Ní ọdún 2011, àjọ elétò ìdìbò tẹ ìka àwọn olùdìbò tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù 70. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń tẹ ìka àwọn oníbàárà wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Bánkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ BVN, àwọn bánkì sì tún tẹ ìka. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tẹ̀ka fún ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ẹni tó ń rìnrìn àjò tẹ̀ka fún ìwé ìrìnnà. Ìka kan náà ni, ènìyàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ibùdó àkọsílẹ̀ yàtọ̀, owó tí wọ́n ná sì ń tún ara rẹ̀ ná.

Àbájáde rẹ̀ hàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ nọ́ńbà tẹlifóònù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èrò rọ́ lọ sí ọ́fíìsì NIMC ní àkókò tí àrùn Kòrónà wà lóde. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú léraléra, títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó dá ìpè jíjáde dúró lórí àwọn nọ́ńbà tí wọn kò tíì so. Iye àwọn tó ti gba NIN ti kọjá mílíọ̀nù 100 báyìí, èyí sì jẹ́ àṣeyọrí ńlá. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn àjọ wọ̀nyí ti jókòó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ́de lójú oòrùn ìbá dínkù.

4.4 Àìjọra orúkọ àti àkọsílẹ̀

Ìpèníjà kan wà tó kan àwọn ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, tí àwọn ìwé ìmọ̀ kì í sì mẹ́nu bà. Èyí ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù inú kọ̀ǹpútà kò gba ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ wọn, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti àmì ohùn. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ́ Fọláṣadé lè di Folasade lórí ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá, kí ó di Folashade ní bánkì, kí ó sì di Folashade pẹ̀lú orúkọ bàbá níwájú lórí NIN. Lójú ènìyàn, ẹnì kan ṣoṣo ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni mẹ́ta ni.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tún wà tí àkọsílẹ̀ ń gbà yapa. Ẹlòmíràn fi orúkọ ìdílé ṣáájú níbì kan, ó fi parí níbòmíràn. Obìnrin yí orúkọ padà nígbà tó ṣe ìgbéyàwó, ọ́fíìsì kan mọ̀, òmíràn kò mọ̀. Bí ètò kan bá wá fẹ́ fi orúkọ wá ènìyàn nínú ètò mìíràn, kò ní rí i, olówó orúkọ ni yóò sì máa gbé ìwé ìbúra kiri láti ilé ẹjọ́ dé bánkì. Ìṣètò tó péye gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè yìí kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kankan: ọ̀nà wo ni àjọ yóò máa gbà kọ orúkọ, nọ́ńbà wo ni yóò sì máa tọ́ka sí ènìyàn kan láìyàtọ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì?

4.5 Owó, iná mànàmáná àti òye iṣẹ́

Èyí ni ìpèníjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí náà kò gba àlàyé gígùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbàgbé ni pé owó tí wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà kéré sí owó tí wọn yóò máa ná lé e lórí: dísù fún jẹnẹrétọ̀, bátìrì, owó íntánẹ́ẹ̀tì, owó àṣẹ ìlò software ní ọdọọdún, àti owó oṣù ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Púpọ̀ nínú owó wọ̀nyí, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náírà ni ìnáwó àjọ. Bí náírà bá sì já wálẹ̀, bí ó ti já lẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìṣètò tí kò fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí yóò dẹnu kọlẹ̀.

Òye iṣẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa ń lọ sí bánkì tàbí òkè òkun. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí ètò àjọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ ni ètò náà yóò di òkú.

4.6 Ìtọ́jú lẹ́yìn àṣeyọrí

Ìpèníjà tó kẹ́yìn yìí ló ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí pé lẹ́yìn àṣeyọrí ló ń dé. Ìdánwò JAMB jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ọdún 2013, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò ti ìdánwò orí ìwé sẹ́yìn lójijì. Ó jẹ́ kí méjèèjì jọ wà fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó di pé kọ̀ǹpútà gba gbogbo rẹ̀ ní ọdún 2015. Ìgbésẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí dára fún àwọn olùṣètò láti wò ṣe àwòkọ́ṣe.

Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí kọ̀ǹpútà ti gba gbogbo ìdánwò náà, JAMB kéde pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti kan 379,997 akẹ́kọ̀ọ́ ní ibùdó 157 ní Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Àlàyé tí àjọ náà ṣe ni pé wọ́n ti ṣe àyípadà sí ètò ìdánwò náà, ṣùgbọ́n àyípadà náà kò dé orí àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún agbègbè wọ̀nyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ olórí àjọ náà, tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì gba ẹ̀bi rù. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ìdánwò ṣe.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ìṣètò kì í parí ní ọjọ́ tí ètò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àyípadà kọ̀ọ̀kan nílò ìdánwò tirẹ̀ ní gbogbo ibi tí yóò dé. Èkejì, ìgbà tí èsì jáde, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí sì kígbe, ni àṣìṣe náà tó lu síta. Àjọ tó bá ti ṣètò fún gbígbọ́ igbe àwọn tó ń sìn, tó sì ń yẹ ara rẹ̀ wò, yóò tètè rí ibi tí omi ti ń jò.

5.0 Àbá fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò tóbi tó orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìṣòro inú rẹ̀ jọ èyí tí a ti sọ. Kì í ṣe ohun tuntun kí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀ka ìṣúná, ọ́fíìsì ìdánwò àti ilé-ìkàwé ní àkọsílẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ lè máa tò lórí ìlà nítorí pé ọ́fíìsì kejì kò mọ̀ pé ó ti san. Àwọn àbá wọ̀nyí lè ṣe ìrànwọ́:

(i) Kí ìgbìmọ̀ ìṣètò ní aṣojú láti gbogbo ẹ̀ka, títí kan àwọn akọ̀wé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí igbá-kejì rẹ̀ sì jẹ́ alága rẹ̀.

(ii) Kí wọ́n kọ ìṣòro sílẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ ẹ̀rọ. Bí èsì ìdánwò ṣe ń pẹ́ ni ìṣòro, kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀kan nínú ìdáhùn.

(iii) Kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo máa tọ́ka sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní gbogbo ọ́fíìsì, kí ìlànà kan sì wà fún kíkọ orúkọ. Ẹ̀ka Yorùbá lè ṣe ìrànwọ́ níbí nípa kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ pẹ̀lú àmì tó yẹ.

(iv) Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka kan, kí wọ́n rí àléébù rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e dé ibi gbogbo. Kí àkọsílẹ̀ orí ìwé máa bá ti kọ̀ǹpútà rìn fún sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, ó kéré tán.

(v) Kí ìnáwó ọdọọdún ní owó ìtọ́jú àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú, kí ó má jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àṣírí ètò náà.

(vi) Kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àṣírí àwọn tó ni àkọsílẹ̀. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo ìwífún ènìyàn. Lílẹ èsì ìdánwò pẹ̀lú orúkọ mọ́ ara ògiri yẹ fún àtúnyẹ̀wò.

(vii) Kí wọ́n máa yẹ ìṣètò náà wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì ní ìgboyà láti pa èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tì.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé ètò ìwífún ju kọ̀ǹpútà lọ, àti pé ìṣètò rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó nílò ìfikùnlukùn. Ó ti lo àpẹẹrẹ IPPIS láti fi hàn pé aṣọ tí wọn kò wọn ara ènìyàn kí wọ́n tó gé kò lè bá a mu. Ó lo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi hàn pé owó nìkan kò tó. Ó lo ti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè láti fi hàn ewu àìsowọ́pọ̀. Ó sì lo ti JAMB láti fi hàn pé àṣeyọrí àná kò dá ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣọ́ra òní.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́la. Àwọn ni yóò bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn, tí wọn yóò sì pinnu irú àkọsílẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa tọ́jú nípa ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá ti mọ̀ láti ìsinsìnyí pé ìbéèrè ló ṣáájú ẹ̀rọ, ẹkún tí olójú jíjìn mú sun láti òkèèrè yóò ti parí kí wàhálà tó dé.